Ẹsẹ̀ Gbogbo Ayé Lórí Fóòmù Kan

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Àbúrò mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ilé ìfọṣọ wa ṣì dúró? Ìka ọwọ́ rẹ tó ń wú ńkọ́, ṣé ò ń fi òróró pa á bí mo ṣe sọ, àbí o ti tún gbàgbé? Mo mọ̀ pé o ti gbàgbé. Jọ̀ọ́, tọ́jú ara rẹ o, torí tí o bá dùbúlẹ̀, ta ni màá máa bá jà?

Ọmọ mi ní kí n yéé kọ lẹ́tà, kí n máa pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n yàrá méjì péré la ní, etí ọmọ yẹn sì mú, kò sì yẹ kó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nítorí náà, jókòó. Tí oúnjẹ bá wà níwájú rẹ, gbé e kúrò, torí ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé kà pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu.

O mọ ọmọ-ọmọ wa, Alẹ̀máṣọ. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn lókè òkun níbí, torí kò sí ibi tí mo ń lọ nínú ilé yìí tí kì í di ìró mi mú. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Nílé, ó ń rojọ́ bí agbẹjọ́rò. Kété tí a bá ti jáde, ẹnu ti dì pa. Tí ẹnikẹ́ni bá kí i, abẹ́ aṣọ mi ló ń sá sí. Tí apínlẹ́tà bá juwọ́ sí i, ó di ẹkún. Irú ìtìjú báyìí, mi ò rí i rí nínú ìdílé wa, ìwọ náà mọ̀ pé ojú wa kì í ṣe èyí tó ń tini.

Ọmọ mi wá ní ilé jẹ́lé-ó-sinmi ò tíì fẹ́ gbà á. Wọ́n ní ọmọ tí kò lè fi èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn ò lè mú un. Ó ní ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣeré, ló bá lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi kan tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní òkìtì. Òkìtì! Èmi àti ìwọ ta òkìtì títí ẹ̀yìn wa fi bó, ta ló kọ́ wa? Ó ní èmi ni màá máa mú un lọ ní gbogbo Sátidé, torí ilé búrẹ́dì tí òun ti ń ṣiṣẹ́ kì í sinmi lọ́jọ́ yẹn. Tí ọmọ bá fi mí sílẹ̀ wọ inú eré, á wọ jẹ́lé-ó-sinmi, èmi á sì máa bọ̀ nílé lọ́dọ̀ rẹ. Tí kò bá fi mí sílẹ̀, ibí ni màá wà títí di ọdún tó ń bọ̀. O rí i báyìí pé òkìtì ni wọ́n ní kí n ta kí n tó wálé.

Sátidé tó kọjá la kọ́kọ́ lọ. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn tán ni òórùn ti jáde wá pàdé mi. Òórùn ẹsẹ̀! Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnì kan o. Ẹsẹ̀ tó ti wà nínú ìbọ̀sẹ̀ láti àárọ̀, ẹsẹ̀ tó làágùn, ẹsẹ̀ tí wọ́n fọ̀ àti èyí tí wọn ò fọ̀ rí, gbogbo rẹ̀ para pọ̀, ó gbóná, ó dúró sójú kan. Fèrèsé wà lókè lọ́hùn-ún, wọ́n tì í gbọin. Ìwọ náà mọ̀ mí, mo fọwọ́ di imú lójú ẹsẹ̀.

Fóòmù ni wọ́n tẹ́ káàkiri ilẹ̀, aláwọ̀ búlúù, wọ́n fi lẹ́dà bò ó, lẹ́dà náà sì ti ya kiri. Orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń yí gbiri sí, tojú tẹnu. Ọmọ kan ń lá a. Mo ní ó ń lá a, ahọ́n síta, ìyá rẹ̀ jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́! Ikun ń ṣàn nímú òmíràn bọ̀ wá sí ètè, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó sì fi ọwọ́ yẹn náà di igi gbọọrọ tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ mú. Ọmọ tó tẹ̀ lé e dì í mú lójú ibẹ̀ gan-an. Kòtò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n kó fóòmù gígé kún, kí àwọn ọmọ máa bẹ́ sínú rẹ̀. Mo yọjú wò ó. Mo rí ìbọ̀sẹ̀ kan, mo rí báńdéèjì kan, mo sì rí nǹkan kan tí mi ò fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Ṣíọ̀!

Tíṣà wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò sí eegun kankan lára rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó yọ orí láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò wá. Mo ti sọ ọ́ ní Aláìléegun. Èdè wọn tí mo gbọ́ ò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mi ò gbọ́, ó fọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kí èmi àti ọmọ jọ wọlé, pé tí ọmọ bá rí i pé mo wọlé, òun náà á wọlé.

Èmi? Kí n fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ ibẹ̀ yẹn? Mo ní mi ò bọ́. Ó ní bàtà ò gbọdọ̀ dé orí fóòmù. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Alẹ̀máṣọ kó sábẹ́ ìró mi, ó ń fi ojú kan ṣoṣo yọ wò wọ́n títí wọ́n fi ṣe tán. Nígbà tí a délé, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ àwa méjèèjì, bẹ́ẹ̀ a ò tẹ nǹkan kan.

Kí ni kí n ṣe? Tètè fèsì. Bá mi kí àwọn oníbàárà wa. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bàsíà funfun mi.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, tí imú rẹ̀ ò tíì sinmi.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kìíní

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kí ọmọ wa, mo kí Alẹ̀máṣọ tó wà lábẹ́ aṣọ. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣẹ́ẹ̀tì tí mò ń lọ̀ fẹ́ẹ̀ jó. Ẹ ṣàánú mi, ẹ má ba tèmi jẹ́.

Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo wá jókòó, mo rò ó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kọ́ lẹ fọ iledìí gbogbo àdúgbò yìí? Nígbà tí wọ́n ń kó aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn wá fún wa, tí mo ń sá lọ bì lẹ́yìnkùlé, ẹ̀yin kọ́ lẹ dúró tì í, tí ẹ ń pè mí ní ọ̀lẹ? Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ kéékèèké ló wá lé yín gun bẹ́ǹṣì?

Mo mọ ìríra yín, ẹ má rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Láti kékeré, ẹ kì í mu omi nínú ife tí mo bá ti mu. Màmá wa á ní kí ẹ mu ún, ẹ ó ní òùngbẹ ò gbẹ yín mọ́. Títí di oní tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan, ife tiyín wà lórí ìṣó tirẹ̀, temi wà lórí tábìlì. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣèèṣì mu nínú tiyín, ẹ ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́, ẹ ó tún sá a sóòrùn. Mi ò bínú sí i. Tóò, mò ń bínú sí i díẹ̀.

Alápatà ṣì ń kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, èyí tó nípọn bí àpò yẹn, ẹ̀jẹ̀ á ti gbẹ sí i, ọ̀rá ẹran á ti dì mọ́ ọn. Ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ máa ń di etí kan mú, tí èmi á di èkejì mú, tí a ó jọ fún un títí kò fi ní kán mọ́. Ní báyìí, mo máa ń so etí kan mọ́ òpó, tí màá máa fún èkejì lémi nìkan. Ó ń dùn mí láti ìka títí dé èjìká. Ní alẹ́, mi ò lè ká ọwọ́ mi pọ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ di imú yín mú, kí ẹ tẹ fóòmù yẹn. Kí ọmọ wọ inú eré, kí ẹ wálé. Mi ò bẹ̀ yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá tún rí ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ bá mi mú un bọ̀.

Àbúrò yín, tí kò sí àrùn nínú ife rẹ̀.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì

Àbúrò mi aláfojúdi,

Mo kí ọ, ṣùgbọ́n mi ò kí ẹnu rẹ. O ní mo fọ iledìí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fọ̀ ọ́! Omi gbígbóná wà níbẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀, oòrùn sì wà níta. Ẹ̀gbin tó ń bọ̀ wá jáde lára aṣọ, kò ní nǹkan kan tó fẹ́ fi mí ṣe. Èyí tó kàn jókòó sójú kan, tí gbogbo èèyàn ń yí nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní eré, òun ló ń rí mi lára. Ọ̀rọ̀ ife, jọ̀ọ́, má dá a sílẹ̀. Ẹ̀yìn oúnjẹ lo máa ń mu omi, ọbẹ̀ á sì wà létí rẹ̀ rekete.

Mo gbọ́ tìrẹ, mo bọ́ bàtà. Má tíì pàtẹ́wọ́. Mo bọ́ bàtà, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lé ara wọn, mo wá ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, mo so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Mo ṣe ti Alẹ̀máṣọ bákan náà. Bí àwa méjèèjì ṣe ń rìn bọ̀, tí a ń dún wọ̀ràwọ̀rà, gbogbo gbọ̀ngàn yíjú wò wá. Aláìléegun ní, "Màmá, ẹ máa ṣubú o." Mo ní èmi kì í ṣubú.

Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi lọ sọ́hùn-ún, èmi lọ síbí. Mo na gbalaja. Àbúrò mi, ojú mi yìí, ẹnu mi yìí, ló gbá fóòmù náà! Ó tutù. Ó níyọ̀ lára. Mo tọ́ ọ wò láìfẹ́, mo mọ adùn rẹ̀, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀ títí màá fi kú. Mo tutọ́ sínú gèlè mi títí itọ́ fi tán lẹ́nu mi. Bàbá ọmọ kan sáré wá gbé mi dìde, oore ló fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n òun náà ti làágùn, abíyá tó rin gbindin ló fi gbá mi mọ́ra. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá yàn nínú abíyá yẹn àti ilẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Bí mo ṣe ń nu ẹnu mi lọ́wọ́, ọmọ kékeré kan wá bá Alẹ̀máṣọ, ó na ọwọ́ sí i pé kó wá ṣeré. Ọmọ wa wo ọwọ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yínmú, bí mo ṣe ń yínmú gẹ́lẹ́, ó ní, "Ṣíọ̀! Ẹ̀gbin!" Ohùn rẹ̀ ròkè lálá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ lójú àlejò láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i nìyẹn. Ọmọ yẹn ò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó rí imú. Ó sunkún tọ ìyá rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọmọ mi gbọ́, ìyẹ̀fun ṣì wà lórí rẹ̀, kò tíì jókòó. Ó ní, "Màmá, mo ní kí ẹ bá mi wo ọmọ onítìjú, ẹ ti sọ ọ́ di onírìíra. Ojú yín ló ń wò." Ṣé èmi ni mo ní kí ọmọ máa wo ojú mi ni? Ó ní kí n mú un lọ, mo mú un lọ. Mo ti ṣe tèmi.

Bí mo ṣe rí i yìí, bóyá ọdún tó ń bọ̀ náà ni màá tó lè wálé. Sọ fún alápatà kó ní sùúrù. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, èyí tí mo rí ò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣì ń tutọ́.


Ọjọ́ ogún, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín.

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà lẹ kọ ọ́ sí, bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá: "bóyá ọdún tó ń bọ̀ náà". Mo kà á, mo tún un kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi, tó bá yá kí ẹ bú mi. Kì í ṣe fóòmù lẹ kórìíra. Ẹ ti rí ilé tí omi gbígbóná ti ń jáde lára ògiri. Ẹ ti rí ọmọ tó ń di ìró yín mú látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ò sì fẹ́ kó jọ̀wọ́ rẹ̀, torí lọ́jọ́ tó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ ó padà wá sídìí bàsíà lọ́dọ̀ mi. Ìdí nìyẹn tí àtẹ́lẹsẹ̀ yín ò fi kan ilẹ̀. Òórùn ẹsẹ̀ kàn ń bá yín purọ́ ni.

Mo ti dá aṣọ alápatà padà. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lánàá, ọṣẹ ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ìka mi ò ká mọ́ ọn. Tí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ dúró, kí n ti ilé ìfọṣọ yìí pa, kí n wá ibi kan jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹ má tún kọ ìtàn ẹsẹ̀ sí mi mọ́. Ó ti sú mi.

Àbúrò yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Ìwọ ọmọ yìí,

Kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o fi kọ irú èyí sí mi? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà rẹ, torí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn mi ti ṣeé tì, Alẹ̀máṣọ náà sì ń gbá a lọ́wọ́ níta. Òórùn ń bá mi purọ́! Ìwọ tí mo pọ̀n, tí mo fún imú rẹ! Ọ̀rọ̀ rẹ rí mi lára ju fóòmù yẹn lọ.

Mo ní ó dáa, màá fi hàn ọ́ pé ẹ̀gbin ni. Mo rán ọmọ mi sí Aláìléegun pé kó jẹ́ kí n wá fọ fóòmù náà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní wọ́n máa ń fi aṣọ tútù nù ún. Wọ́n máa ń nù ún! Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó ní tó bá wù mí, kí n nu èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ta ló fẹ́ nù ún? Mo gbé garawa, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo gbé ọṣẹ. Mo da omi sí i bó ṣe yẹ ká da omi sí nǹkan, mo gun orí rẹ̀ tìkúnlẹ̀-tìkúnlẹ̀, mo ha á bí ẹni ń ha ìkòkò.

Àbúrò mi, omi tó jáde! Ó dúdú, ó ki, ó ń fà. Irun wà nínú rẹ̀. Èékánná wà nínú rẹ̀. Èépá egbò ọmọ ọlọ́mọ ń léfòó lókè. Mo gbé garawa náà lọ síwájú Aláìléegun. Ó wò ó, ó bo imú. Inú mi dùn bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Ṣé òórùn ló ń purọ́ àbí ìwọ?

Alẹ̀máṣọ máa ń bá mi fọ ìbọ̀sẹ̀ nílé, nítorí náà òun náà mú àkísà tirẹ̀, ó ń nu igun kan. Bó ṣe ń nù ún ló ń lọ, ó nù ún títí dé igun kejì, ọwọ́ rẹ̀ ò kan aṣọ mi mọ́, kò sì sunkún. Mo sáré pè é pé kó padà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ilẹ̀ ń yọ̀ lóòótọ́.

Gba ọ̀rọ̀ rẹ padà, kí o sì tètè fèsì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó jàre.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Ojoojúmọ́ ni mo ń yọjú sí àpótí lẹ́tà. Apínlẹ́tà ti mọ̀ mí, ọ̀ọ́kán ló ti máa ń mi orí sí mi, kí n má bàa jáde lásán. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ọwọ́ rẹ ni, àbí ìbínú? Tó bá jẹ́ ìbínú, bínú sórí ìwé kí n rí i. Mi ò fẹ́ dídákẹ́ yìí.

O ní kí n má kọ ìtàn ẹsẹ̀ sí ọ mọ́. Forí jì mí, èyí ló kẹ́yìn.

Fóòmù tí mo fọ̀, ó rùn. Ibi tí lẹ́dà rẹ̀ ti ya ni omi mi gbà wọlé, inú rẹ̀ mu ún yó, kò sì sí oòrùn tí mo lè sá a sí. Nígbà tí a padà débẹ̀, òórùn kan wà nínú gbọ̀ngàn yẹn tí òórùn ẹsẹ̀ jẹ́ lọ́fíńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. O mọ òórùn aṣọ tútù tí èèyàn ká pamọ́ tó sì gbàgbé. Òun ni, ṣùgbọ́n ó tóbi tó yàrá. Èébu ti hù lábẹ́ rẹ̀, ó dúdú, ó funfun, ó nírun. Àwọn ìyá di imú, àwọn bàbá ń wú ikọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹni tí màá bú. Èmi ni mo ṣe é. Èmi alágbàfọ̀, mo fi ọwọ́ ara mi àti ọṣẹ dá ẹ̀gbin sílẹ̀.

Aláìléegun ò bú mi. Ó kàn ní àwọn máa jù ú nù, ṣùgbọ́n òun làwọn ní lónìí.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo rántí ohun tí o kọ, inú tún bí mi sí ọ. Mo fẹ́ na ọwọ́ tún gèlè mi ṣe. Ọwọ́ mi ò gbéra. Mo wò ó. Etí aṣọ Alẹ̀máṣọ ló wà níbẹ̀, mo ti ká a mọ́ ìka mi. Òun kọ́ ló dì mí mú. Èmi ni mo dì í mú. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀ kíá, bí ẹni tó fọwọ́ kan irin tí a fi ń lọ aṣọ.

Mo bọ́ bàtà. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo tẹ fóòmù náà. Ó tutù, ó rọ̀ bọ̀tìbọ̀tì, omi ń pọ̀ jáde láàárín ìka ẹsẹ̀ mi, omi tí mo fọwọ́ ara mi dà sí i. Ara mi bù máṣọ. Mo bẹ ojú mi pé kó má ṣe nǹkan kan. Alẹ̀máṣọ ń wo imú mi. Ó wò ó títí, kò rí i kó yín. Ló bá jókòó, ó fa bàtà tirẹ̀ yọ, ó wọlé.

Àbúrò mi, ó lọ! Ó gun igi gbọọrọ, Aláìléegun di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bá ọmọ tó pè ní ẹ̀gbin níjelòó yí gbiri, orí kan orí. Ó bẹ́ sínú kòtò fóòmù gígé, níbi tí ìbọ̀sẹ̀ àti báńdéèjì yẹn wà, ó rì dé àyà, ó ń rẹ́rìn-ín kèkè. Kò wẹ̀yìn. Kò wẹ̀yìn rárá. Mo dúró níbẹ̀ láìwọ bàtà, ìró mi fúyẹ́, kò sẹ́ni tó ń fà á. Ó dùn mí, mi ò ní tàn ọ́. Ó dùn mí dénú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣíwọ́, wọ́n fún wọn ní bísíkíìtì. Alẹ̀máṣọ ti jẹ tirẹ̀ dé ìdajì, itọ́ ti rin ín, ló bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí fóòmù rírùn yẹn gan-an. Ó ṣà á. Irun kan lẹ̀ mọ́ ọn. Ó sáré gba àárín gbogbo ọmọ àti gbogbo àgbà kọjá wá bá mi, ó nà án sókè sí ẹnu mi. Ó ní, "Màmá Àgbà, tiyín rèé." Ohùn rẹ̀ ròkè, gbogbo wọn gbọ́, ojú ò tì í. Mo wo bísíkíìtì náà. Mo rántí garawa. Mo rántí gbogbo ohun tó léfòó nínú rẹ̀.

Mo jẹ ẹ́.

Mo jẹ ẹ́, mo gbé e mì, omi ń bọ́ lójú mi. Ó ní kí n lanu, ó yẹ ẹnu mi wò bóyá ó ti tán lóòótọ́, ó sì sá padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò yẹn, màá ní irọ́ lo pa mọ́ mi.

Jẹ́lé-ó-sinmi ti gbà á. Mò ń bọ̀ ní ìparí oṣù yìí. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti wà nínú àpótí mi, ó gùn dé ìgbọ̀nwọ́. Lọ sọ fún alápatà kó máa kó aṣọ rẹ̀ bọ̀. Má dá fún nǹkan kan mọ́ títí màá fi dé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ìbínú ni. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo gba lẹ́tà tí ẹ ti ní ẹ jàre, mo rí ibi tí ẹ ti pe ọmọ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mo sì fi lẹ́tà náà tẹ́ abẹ́ garawa. Èyí tó tẹ̀ lé e yìí, mo wà lórí ìdúró nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí mo dé ibi bísíkíìtì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ ẹ́! Ẹ̀yin! Èyí tó ti bọ́ sílẹ̀, tí itọ́ ti rin, tí irun wà lára rẹ̀! Yéè! Èébì fẹ́ẹ̀ gbé èmi gan-an.

Alápatà ní òun ń bọ̀. Ó ní níbi tí òun gbé e lọ, ọ̀rá ò jáde nínú aṣọ òun. Mo ti gbọn ibùsùn yín. Bàsíà funfun yín wà níbi tí ẹ fi í sí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Ìṣó tí ife yín máa ń wà lórí rẹ̀, mo ti fà á yọ. Ife kan ló wà lórí tábìlì báyìí, temi ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, màá bu omi tútù sí i, màá kọ́kọ́ mu, màá wá gbé ìyókù fún yín. Mi ò ní ṣàn án.

Àbúrò yín.